William Coley, dókítà tó fi ibà bá jẹjẹrẹ jà

Nígbà tí mo kà á pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi èérún wúrà àti irin tí ojú lásán ò lè rí mú kókó jẹjẹrẹ gbóná kó lè kú, William Coley ló sọ sí mi lọ́kàn.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1862, ó sì di oníṣẹ́ abẹ ní New York. Ní 1890, ọmọbìnrin ọdún 17 kan, Bessie Dashiell, wá bá a pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọwọ́. Coley gé ọwọ́ náà, síbẹ̀ ọmọ náà kú ní January 1891. Ó dùn ún wọra. Ló bá ń tú fáìlì àwọn aláìsàn àtijọ́. Ó rí ọkùnrin kan tí kókó ọrùn rẹ̀ pòórá lẹ́yìn tí àrùn awọ kan gbé ibà líle dé. Ẹ gbọ́ ná: ó ń wá ọkùnrin yìí láti ilé dé ilé, ó sì bá a láàyè, ara rẹ̀ le koko!

Lọ́dún yẹn kan náà, ó gún aláìsàn mìíràn ní abẹ́rẹ́ kòkòrò àrùn ọ̀hún. Ara ẹni náà gbóná janjan, kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, abẹ́rẹ́ yẹn pa àwọn kan. Ìdí nìyẹn tó fi wá ń lo kòkòrò tó ti kú.

James Ewing, tí wọ́n jọ wà ní Memorial Hospital, ò gbà á gbọ́. Ìtànṣán ló fara mọ́. Coley kú ní 1936. Ọmọ rẹ̀, Helen, ló kó fáìlì bàbá rẹ̀ jọ, tó sì dá Cancer Research Institute sílẹ̀ ní 1953.