Herbert Macaulay àti Títì Tí Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ẹnití ó bá gba Yaba kọjá lí ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí báǹkì, ilé ìtajà, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò lẹ́bàá títì ńlá kan tí ń jẹ́ Herbert Macaulay. Ní Àbújá pẹ̀lú, títì tí ilé gogoro àwọn elépo ìjọba wà ń jẹ́ orúkọ yìí kan náà. Lẹ́nu púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò náà, àdírẹ́sì lásán ni. Ó yẹ kí àwa mọ ẹnití ó ni ín, nítorí ilé àlùfáà ni ó ti jáde wá.

Lí ọjọ́ 14 oṣù November, 1864, ni a bí i lí Èkó, lí ọdún náà gan-an tí a fi Samuel Ajayi Crowther, baba ìyá rẹ̀, jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Baba rẹ̀, Àlùfáà T. B. Macaulay, ni olùkọ́ àgbà àkọ́kọ́ ní CMS Grammar School. Lí ọdún 1890 ìjọba rán Herbert lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Ó padà dé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.

Ẹnití ń wọn ilẹ̀ kò lè ṣàì bèèrè olówó rẹ̀. Nígbàtí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tí wọn kò sì gbà pé ti ìdílé Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ni, Macaulay bá Olóyè náà lọ sí London lí ọdún 1920, ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí dání. Lí ọdún 1921 ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olóyè láre. £22,500 ni a san. Lórí ilẹ̀ yìí ni èbúté Àpápá wà.

Kì í ṣe aláìlábàwọ́n. Lí ọdún 1913 a dá a lẹ́bi lórí owó ogún tí a fi sí ìtọ́jú rẹ̀, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n; lí ọdún 1928 ìwé ìròyìn rẹ̀ tún gbé e dé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Nítorí èyí, kò lè wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó dá sílẹ̀ lí ọdún 1923 ń borí lí Èkó.

Ó lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbàtí ó ń kiri Nàìjíríà nítorí òmìnira. Àìsàn dá a padà láti Kánò, ó sì kú lí Èkó lí ọjọ́ 7 oṣù May, 1946. Àwòrán rẹ̀ ni a tẹ̀ sára owó ẹyọ náírà kan lí ọdún 1991. A kì í sábà rí i ná ní Yaba mọ́.