Ta ni Niels Finsen, dókítà aláìsàn tó fi ìmọ́lẹ̀ wo àrùn tó ń jẹ ojú?

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ó máa ń jẹ imú, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Lupus vulgaris ni orúkọ rẹ̀. Ìkookò sì ni ìtumọ̀ lupus ní èdè Látìn. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ awọ ara ló ń fà á. Ó yàtọ̀ sí lupus tí à ń gbọ́ lónìí, níbi tí ohun tó yẹ kó dáàbò bo ara ti ń bá ara jà.

Ẹni tí ó wá ọ̀nà àbáyọ kò ní ìlera fúnra rẹ̀. Ọdún 1860 ni wọ́n bí Niels Ryberg Finsen sí Tórshavn, ní erékùṣù Faroe tó wà lábẹ́ Denmark. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àìsàn ti ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fínra. Ó gboyè ìṣègùn ní Copenhagen lọ́dún 1890. Nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé oòrùn ń ṣe òun lóore, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí agbára ìmọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1895, ó tan iná mànàmáná alágbára sí ojú onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí àrùn náà ń jẹ. Láàrin oṣù díẹ̀, ojú ọkùnrin náà ti ń san. Nítorí pé dígí lásán kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí ojú kò lè rí kọjá, òkúta quartz ni Finsen fi ṣe awò rẹ̀. Omi ló sì fi ń mú ooru rẹ̀ rọlẹ̀ kí awọ má baà jóná.

Ọdún 1896 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Copenhagen. Ní 1900, Alexandra, ọmọ ọba Denmark tó fẹ́ àrólé ọba Gẹ̀ẹ́sì, fi irú àtùpà náà ta ilé ìwòsàn kan ní London lọ́rẹ.

Finsen gba ẹ̀bùn Nobel lórí ìṣègùn lọ́dún 1903, ṣùgbọ́n àìsàn kò jẹ́ kí ó lè lọ gbà á. Ó fi lára owó náà ta ilé ìwòsàn rẹ̀ lọ́rẹ. Ó ṣèwádìí lórí àìsàn ara rẹ̀ títí dé òpin, kí ó tó jáde láyé ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1904, ní ẹni ọdún 43.

Lónìí, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń wo lupus vulgaris, ní Nàìjíríà àti níbòmíràn. Síbẹ̀, àwọn dókítà ṣì ń fi ìmọ́lẹ̀ wo àwọn àrùn awọ mìíràn.