Herbert Macaulay àti Ìwé Òfin

 

Nígbà tí a kọ́ nípa ìwé òfin Nàìjíríà ní kíláàsì, mo rò pé ó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn Herbert Macaulay ló jẹ́ kó yé mi pé àwọn èèyàn jà nítorí ẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1864. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ni bàbá ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nílùú Òyìnbó, ó padà wálé, ó ń bá ìjọba wọn ilẹ̀, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìwé òfin 1922 ló kọ́kọ́ jẹ́ ká dìbò. Àmọ́ aṣojú mẹ́rin péré la lè yàn: mẹ́ta ní Èkó, ọ̀kan ní Calabar. Obìnrin ò lè dìbò. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, òun náà ò lè dìbò. Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, wọ́n sì kó ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Èkó. Òun fúnra ẹ̀ ò lè du ipò, torí wọ́n ti rán an lẹ́wọ̀n rí.

Nígbà tó yá, Gómìnà Richards ṣe ìwé òfin mìíràn láì bi aráàlú. Ní 1946, Macaulay ti di ẹni ọdún 81, síbẹ̀ òun àti Azikiwe ń lọ láti ìlú dé ìlú láti ta kò ó. Kano ni àìsàn ti dá a dúró. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú.

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Maiduguri dé Kano mọ bí ọ̀nà ṣe ń gùn. Bàbá àgbàlagbà rin ìrìn bẹ́ẹ̀ torí ìwé òfin. Ẹ jẹ́ káwa náà ṣí tiwa, ká kà á.