Charles Kettering, Bàbá Kọ́ńtáàtì

Ọ̀pọ̀ rìwáyà nílùú Ìbàdàn kò gbọ́ orúkọ Charles Franklin Kettering rí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe ni rewire lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwa la sọ ọ́ di orúkọ ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó bá ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, ó wà níbẹ̀ o.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Kettering. Wọ́n bí i lẹ́bàá Loudonville, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1876. Ojú ló yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ó ṣe tíṣà, ó wọ yunifásítì Ohio State, ojú ní kò gbà, ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ ń gun òpó wáyà tẹlifóònù. Ó padà, ó sì gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ iná lọ́dún 1904, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwa tí ìyanṣẹ́lódì ti fi ọdún kún ọdún wa mọ ohun tó wà nínú ìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó, NCR, ní ìlú Dayton ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní 1909, òun àti Edward Deeds dá Delco sílẹ̀. Inú abà Deeds ni wọ́n ti ń fi alẹ́ ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni iná ọkọ̀ Cadillac ti 1910 ti jáde. Iná bátìrì nìkan kò lè fò lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Kettering jẹ́ kí ó gba inú kọ́ìlì, kí irin kékeré méjì tó fẹnu kan ara máa yà síra wọn ní àkókò tó yẹ gan-an. Bí wọ́n bá ti yà, iná inú kọ́ìlì á já lójijì, agbára á ru sókè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, epo á gbiná. Irin méjì yẹn là ń pè ní kọ́ńtáàtì.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa ní Akobo ní MGB ọdún 1972, ọkọ̀ eré oníjòókòó méjì. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì ní 3,000, ìyẹn 6,000, láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ là kó sì pa dé nígbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnu rẹ̀ a máa jó, àlàfo rẹ̀ a yí padà, ọkọ̀ a sì máa wúkọ́ bó bá ń gun òkè. Rìwáyà wá yọ kọ́ńtáàtì àti kondẹ́nsà, ó fi ẹ̀rọ kékeré onímágínẹ́ẹ̀tì sínú dísítíríbútọ̀ dípò wọn. Ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé orí négátíìfù bátìrì ló so mọ́ ara ọkọ̀, torí MGB tó ṣáájú òpin 1967 kò rí bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá sì so ó lódì, ẹ̀rọ tuntun á jó lójú ẹsẹ̀. Kọ́ìlì ṣì wà níbẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n náà bóyá ó mọ Kettering. Ó ní irú ọkọ̀ wo nìyẹn.

Ní 1912, Kettering tún fún Cadillac ní sítátà, kò sì sí pé èèyàn ń fi irin wín ẹ́ńjìnnì títí yóò fi ṣẹ́ ẹ lápá mọ́. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀gá ìwádìí fún General Motors, láti 1920 títí di 1947.

Ibí ni ìtàn ti korò. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀, Thomas Midgley, rí i ní oṣù Kejìlá 1921 pé òjé nínú epo bẹntiróòlù kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kanlẹ̀. Ní 1924 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Ethyl sílẹ̀ láti tà á, Kettering sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, èéfín òjé da òṣìṣẹ́ ní New Jersey lórí rú, márùn-ún kú. Wọn ò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin abà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a wí àwíjàre níbí.

Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìwádìí jẹjẹrẹ Sloan-Kettering tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1945. Ó kú ní Dayton ní oṣù Kọkànlá 1958, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà kò bọ́ lọ́wọ́ epo olójé títí di 2006. Algeria ló tà á gbẹ̀yìn lágbàáyé, ní 2021.