Erskine Childers: Òǹkọ̀wé tí Wọ́n Pè ní Amí

Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ìtàn àròsọ nípa amí àti àṣírí ìjọba, ó yẹ kí a dárúkọ Robert Erskine Childers. Ìwé àròsọ kan ṣoṣo ni ó kọ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀ ju àròsọ lọ.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1870. Gẹ̀ẹ́sì ni baba rẹ̀, ará Írẹ́lándì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa baba rẹ̀. Àìsàn yìí kan náà wà lára ìyá rẹ̀, ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá wọn ní ilé Glendalough, ní Írẹ́lándì. Ẹ fi ilé yìí sọ́kàn. Nígbà tí ó kàwé tán ní Cambridge, ó di akọ̀wé ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1895, ó sì bá wọn jagun àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà ní 1900.

Ní 1903 ni ìwé rẹ̀, The Riddle of the Sands, jáde. Ọ̀dọ́kùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì wa ọkọ̀ onígbòkun kékeré lọ sí etíkun Jámánì, wọ́n sì tú àṣírí pé Jámánì fẹ́ gba orí òkun gbógun wọ Ìlú Ọba. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe ológun ojú omi rí ni ọ̀dàlẹ̀ inú rẹ̀. Lójú tèmi, adùn ìwé náà ni pé Childers mọ omi àti iyanrìn ibẹ̀ bí ẹni mowó, nítorí ó ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ débẹ̀ rí.

Ta ni yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dojú ìjà kọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì? Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òmìnira Írẹ́lándì wọ̀ ọ́ lára. Ní oṣù keje 1914, òun àti Molly, aya rẹ̀ ará Amẹ́ríkà, fi Asgard, ọkọ̀ tí àwọn òbí Molly fi ta wọ́n lọ́rẹ ìgbéyàwó, kó 900 ìbọn wọ èbúté Howth fún àwọn ajàjàgbara. Ìgbà tí ogun àgbáyé tún dé, ó wọṣẹ́ ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ!

Ohun tí ó kó bá a nìyẹn. Ní 1921, òun ni akọ̀wé àwọn aṣojú Írẹ́lándì tí ó lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn. Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn aṣòfin Írẹ́lándì yóò búra fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, Childers sì kọ̀ jálẹ̀. Ó wá dà bí àdán, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn kan ní Írẹ́lándì ní amí Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1922. Ìjọba tuntun pàṣẹ pé ilé-ẹjọ́ ológun lè dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, wọ́n mú Childers ní Glendalough, nínú ilé tí ó gbé dàgbà, pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ kékeré kan. Michael Collins, olórí àwọn tí ó fara mọ́ àdéhùn náà, ni a gbọ́ pé ó fi í ta á lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́. Ìdákọ́ńkọ́ ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ìjọba yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin fún ẹ̀sùn kan náà. Àwọn kan gbà pé ọ̀nà ni wọ́n ń là sílẹ̀ de Childers. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ kò tíì parí tí wọ́n fi pa á ní Dublin ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà. Ó bọ àwọn sójà tí yóò yìnbọn fún un lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣáájú ìyẹn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, wá dágbére fún un. Childers mú kí ó ṣèlérí pé kò ní gbẹ̀san, pé yóò wá gbogbo àwọn tí ó fọwọ́ sí ikú òun rí, yóò sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní 1973, ọmọ náà ni wọ́n dìbò yàn ní ààrẹ Írẹ́lándì. Orúkọ baba rẹ̀ ni ó ń jẹ́, Erskine Childers.