Friedrich Froebel, Ẹni tí ó Dá Ọgbà Àwọn Ọmọdé Sílẹ̀

Láàárín àwọn òkè àti igbó Thuringia ní ilẹ̀ Jámánì, ìletò kan wà tí à ń pè ní Oberweissbach. Ibẹ̀ ni a bí Friedrich Froebel sí ní ọjọ́ 21 oṣù Épírílì, ọdún 1782. Àlùfáà ni baba rẹ̀, iṣẹ́ ìjọ sì gbà á lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè gbọ́ ti àwọn ọmọ inú ilé rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Baba rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Obìnrin yìí kọ́kọ́ fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà bí ọmọ tirẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọmọ olóògbé, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Inú ọgbà ilé wọn ni ọmọ aláìníyàá yìí fi ṣe ibi ìsádi. Níbẹ̀ ni ó ti ń wo òdòdó àti kòkòrò, tí kò sí ẹni tí yóò bá a ṣeré. Nígbà tí ó di bí ọmọ ọdún 10, arákùnrin ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Stadtilm, ojú rẹ̀ sì túbọ̀ wálẹ̀.

Ẹ má rò pé láti ìgbà èwe ni ó ti mọ iṣẹ́ tí òun yóò ṣe. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, a fi í sí ọ̀dọ̀ olùtọ́jú igbó kan láti kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì Jena, gbèsè mú un níbẹ̀, a sì tì í mọ́ túbú ilé-ẹ̀kọ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Títí tí ó fi kú, kò fìgbà kan mọ bí a ti ń ṣọ́ owó ná. Ní ọdún 1805 ó lọ sí Frankfurt láti kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ilé, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kí ó wá ṣe olùkọ́. Bí ó ti dúró níwájú àwọn ọmọ, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ti ẹja tí a dá padà sínú omi. Láti ọdún 1808 sí 1810 ó gbé ní Yverdon ní ilẹ̀ Switzerland lọ́dọ̀ Pestalozzi, àgbà olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Yúróòpù.

Ní ọdún 1813 ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ó dojú ìjà kọ Napoleon, ibẹ̀ ni ó sì ti rí Middendorff àti Langethal, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọn kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ní ọdún kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Christoph kú, tí ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ òrukàn wọ̀nyí ni Froebel ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Griesheim ní ọdún 1816, tí ó sì gbé e lọ sí Keilhau ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ márùn-ún péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ọ̀kan nínú wọn sọ́kàn: Karl ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Christoph.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Froebel ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ òun ti gbó kí wọ́n tó dé. Ìwà wọn ti gan, ojú wọn kò sì mọ́ra wíwo nǹkan dáadáa. Ó rí i pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, àti pé iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ ìyá ni òun ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ti lọ. Ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 55, ó lọ sí Blankenburg, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìṣeré fún àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé.

Bọ́ọ̀lù mẹ́fà kéékèèké tí a fi òwú irun àgùntàn hun, tí àwọ̀ wọn kò jọra, ni àkọ́kọ́. A so okùn mọ́ ọn, ọmọ ń fì í sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Bí a bá pa á mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, ọmọ a mọ̀ pé ohun tí a kò rí kò tíì parẹ́. Èkejì jẹ́ igi mẹ́ta: ọ̀kan rí róbótó bí bọ́ọ̀lù, ọ̀kan dúró bí agolo, ọ̀kan sì lójú mẹ́fà bí dáìsì tí a fi ń ta lúdò. Ẹ̀kẹta ni igi olójú mẹ́fà kan tí a gé sí kéékèèké mẹ́jọ. Ọmọ a tò ó bí àga, bí àtẹ̀gùn, bí afárá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Bí ó bá parí eré, a dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí, odindi a tún di odindi. Báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe ń mọ ìdajì àti ìdámẹ́rin kí ó tó gbọ́ orúkọ ìṣirò. Lẹ́yìn èyí ni amọ̀ mímọ, bébà kíká àti bébà híhun bí ẹní, orin àti eré tí a ń ṣe ní agbo. Olúkúlùkù ọmọ tún ní ebè tirẹ̀ tí ó ń gbin òdòdó àti ẹ̀fọ́ sí.

Nǹkan ń bẹ, orúkọ kò sí. Ó ń lọ ní ọ̀nà òkè lọ́jọ́ kan ní ọdún 1840 pẹ̀lú Middendorff nígbà tí orúkọ náà sọ sí i lọ́kàn, tí ó sì fi ayọ̀ kígbe rẹ̀: Kindergarten, èyíinì ni ọgbà àwọn ọmọdé. Jẹ́lé-ó-sinmi ni àwa ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ìsinmi àwọn àgbà ilé ni tiwa ń wí? Ọmọ gẹ́gẹ́ bí irúgbìn ni Froebel ń wò, olùkọ́ sì ni ológbà. Àwọn obìnrin ni ó gbà pé wọ́n yẹ jù fún iṣẹ́ náà, ó sì ń kọ́ wọn, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1849, nígbà tí obìnrin ọlọ́lá kan, Bertha von Marenholtz-Bülow, dé Liebenstein, ohun tí ó gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé arúgbó òmùgọ̀ kan wà tí ń bá àwọn ọmọ ará oko ta pọ́nún. Obìnrin náà lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó sì di alágbàwí rẹ̀.

Nígbà náà ni ìjì jà. Karl tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti dàgbà, ó sì kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, nínú èyí tí ọ̀rọ̀ ọgbà àwọn ọmọdé wà. Ìjọba Prussia pa Froebel kan pọ̀ mọ́ Froebel kejì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1851, wọ́n ti gbogbo ọgbà ọmọdé pa ní ilẹ̀ náà, wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ láti má gba Ọlọ́run gbọ́. Ọmọ àlùfáà ni a ń sọ èyí sí! Ó kọ̀wé sí ìjọba pé òun kọ́ ni Karl, ó sì kọ̀wé sí ọba pàápàá. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ 21 oṣù Júùnù, ọdún 1852, ó kú ní Marienthal, nítòsí Liebenstein, ní ẹni ọdún 70.

Ọdún 1860 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ kò dúró de ìjọba. Margarethe Schurz ti dá ọgbà ọmọdé sílẹ̀ ní Watertown ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1856, bẹ́ẹ̀ ni Bertha ń ti ìlú dé ìlú ní Yúróòpù, tí ó ń sọ ti arúgbó náà. Ní Schweina, níbi tí wọ́n sin ín sí, òkúta mẹ́ta ni wọ́n tò léra lórí ibojì rẹ̀: èyí tí ó lójú mẹ́fà ní ìsàlẹ̀, èyí tí ó dúró bí agolo ní àárín, èyí tí ó rí róbótó bí bọ́ọ̀lù ní òkè.