Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀: Iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè òkun, ṣé ìwé rẹ̀ wà nílé?

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí kò jìnnà sí Ìpòtì, Ìjerò àti Àrámọkọ, ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére, ní nǹkan bí ọdún 1875. Ìsẹ̀-Èkìtì ló ṣí lọ, ó sì jẹ́ ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀ láàfin kí òkìkí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tó kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba mìíràn.

Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, wọ́n sì ń gbé òyìnbó aṣojú ìjọba bọ̀ wá kí i.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọba kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà ti wà ní Chicago láti 1984.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Lónìí, inú ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà àti yíyàwòrán ilé l'Ékìtì ti lè rí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Roslyn Walker kọ odidi ìwé kan nípa rẹ̀ ní 1998. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ń kó ìwé jọ fún ẹ̀kọ́ yìí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rà. Kó sì ya fọ́tò àwọn òpó tó bá ṣì kù láàfin wa, kó tọ́jú wọn sí ilé-ìkàwé, kí àwọn náà má baà di àwátì.